Ẹ̀rọ ìtukọ̀ inú jíìmù: báwo la ṣe ń fi í kọ́ èémí láì ba ẹ̀yìn jẹ́?

Àkànní_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Jíìmù tí mo ń lọ ní Bódìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹ̀rọ ìtukọ̀ méjì dé, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, téèyàn máa jókòó lórí àga tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí irin, tí á máa fa ìdìmú bí ẹni ń tukọ̀ lórí omi. Mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Àárọ̀ Sátidé la máa ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi. Ìlàjì àkọ́kọ́ kì í ni mí lára, àmọ́ bí a bá ti wọ ìlàjì kejì báyìí, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í gé, bọ́ọ̀lù tó yẹ kí n lé bá, màá kàn máa wò ó ni. Ẹ̀rọ yìí ni mo fẹ́ fi wá nǹkan ṣe sí i.

Ọmọkùnrin tó ń darí wa níbẹ̀ ní kí n yí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí 10, kí n sì máa fà á tagbáratagbára fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń ro mí díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Kóòṣì_Òkè_Àdó

Àbúrò mi Àkànní, o kú ìbéèrè. Kọ́kọ́ yí 10 yẹn padà ná. Ohun tí wọ́n ń pè ní damper yẹn, atẹ́gùn tó ń wọ inú ilé abẹ̀bẹ̀ ló ń dín kù tàbí bù sí, òun kọ́ ló ń sọ bí eré ìdárayá rẹ ṣe le tó. Ní 10, atẹ́gùn tó ń wọlé pọ̀, abẹ̀bẹ̀ á ti rọlẹ̀ kí o tó padà dé iwájú, gbogbo ìgbà tí o bá ń fà lo máa ń gbé ẹrù wúwo láti ojú kan. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń jìyà ẹ̀. Ní 3 sí 5, abẹ̀bẹ̀ ń yí geere, o gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tì kíákíá kí o tó lè bá a. Bí o bá ṣe lo agbára tó ló ṣe máa dá ọ lóhùn tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó rẹ òun dé egungun, ní 4 náà ló ti máa rẹ̀ ẹ́.

Nínú ojú ẹ̀rọ, wá ibi tí wọ́n kọ drag factor sí, ìyẹn bí atẹ́gùn ṣe ń dá abẹ̀bẹ̀ dúró tó gan-an. 110 sí 130 dára fún ọ. Ìyẹn ló ṣeé gbára lé ju nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ lọ, torí eruku. Ẹ̀rọ tí eruku ọyẹ́ ti dí ojú ihò abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, 6 rẹ̀ lè má ju 4 ẹ̀rọ tuntun lọ. Ẹ̀rọ méjì tó wà nínú yàrá kan náà kì í sì í dọ́gba, bá a bá wò ó dáadáa.

Ó wá ku ẹ̀yìn tó ń ro ọ́. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé apá ni. Níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ojúgun dúró ṣánṣán, apá nà tààrà, àyà tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí, ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ ká. Wá fi ẹsẹ̀ ti pẹpẹ iwájú. Apá ṣì nà. Ìgbà tí orúnkún bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán ni àyà á gbé sẹ́yìn, ìgbà yẹn gan-an ni apá á ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìdìmú wá sí abẹ́ ìhà. Bí o bá ń padà, apá ló máa kọ́kọ́ nà, àyà á tẹ̀ lé e, orúnkún ló máa ká gbẹ̀yìn. Má ṣe kánjú padà. Ìgbà ìpadà yẹn ni ara ń rí èémí mí, ó yẹ kó gùn tó ìlọ́po méjì ìgbà tí o fi ń tì.

Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ń ṣe é re, wo ṣéènì. Bí ṣéènì bá ń lọ tó ń bọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, ó dára. Bó bá ń gbéra sókè kí ìdìmú lè fo orúnkún, orúnkún rẹ ti tètè ká. Èyí tó sì máa ń ba ẹ̀yìn jẹ́ jù ni kí ìdí ti sá lọ sẹ́yìn kí ìdìmú tó kúrò lójú kan. Ní kí ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó fi fóònù ká fídíò rẹ fún ìṣẹ́jú kan. Wàá rí i fúnra rẹ. Títí tí ẹ̀yìn á fi dákẹ́, má ṣe eré líle kankan lórí ẹ̀. Lójoojúmọ́ náà kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n nínú Ìbàdàn wa yìí, níbi tí òkè pọ̀ tó báyìí, kí lèèyàn ń sanwó jókòó ṣe? Ẹ wá sí Òkè Àrẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ sáré láti ìsàlẹ̀ dé ilé ìṣọ́ Bower, ẹ rìn padà, ẹ tún un ṣe títí ẹsẹ̀ á fi gbọ̀n. Kọ́bọ̀ ò ní kúrò lápò yín. Bọ́ọ̀lù tí Àkànní ń sọ yìí, orí ìdúró la ti ń gbá a. Àga ò bá a tan.

Kóòṣì_Òkè_Àdó

Ọmọ Òkè Àrẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré, ẹ̀rọ kankan ò lè kọ́ ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí padà lórí koríko. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé lógójì, tó ń sáré bọ́ọ̀lù ní Sátidé, tó tún fẹ́ sá òkè líle lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín ọ̀sẹ̀, kókósẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Lórí ẹ̀rọ ìtukọ̀, ẹsẹ̀ kì í fò kó tún já lulẹ̀. Èèyàn lè jẹ́ kí ọkàn lù dé ibi tó ga gan-an, kí oríkèé ara má sì mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Òjò ò sì ní lé e wọlé, Máíkírà ò ní gbá a lẹ́bàá títì. Bó bá lè fi òkè kún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó ṣe é. Mi ò ní kó má ṣe é.

ÌyáÌbejì_Akóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Àwa ìyá ńkọ́? Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ọ̀tún ò sì jẹ́ kí n sáré mọ́. Ọmọ mi obìnrin ń yọ mí lẹ́nu pé kí n lọ jókòó sórí ẹ̀rọ yìí. Ṣé kò ní ṣe mí ní jàǹbá?

Nọ́ọ̀sì_Jẹ́ríkò

Ẹ kú ilé mà. Orúnkún yín lè gba ti ẹ̀rọ yìí ju eré sísá lọ. Ẹ kàn má jẹ́ kó ká kọjá ibi tó ti ń dùn yín. Kò pọn dandan kí àga dé iwájú pátápátá. Lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà tó ń kọ oògùn fún yín mọ̀. Ọjọ́ tí ìfúnpá bá wà ní 180/110 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe é rárá, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Ẹ tún wo orúkọ tó wà lára páálí oògùn yín. Bó bá jẹ́ atenolol tàbí irú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọkàn lù kíákíá, nítorí náà iye tí ojú ẹ̀rọ bá sọ nípa lílù ọkàn yín lè ṣì yín lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n: bẹ́ ẹ bá ṣì lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láì dúró mí èémí, ìwọ̀n yín nìyẹn fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ máa mí síta nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ tì. Ẹni tó bá di èémí mú nígbà tó ń fà á, ìfúnpá rẹ̀ á fò sókè lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń fi ọjọ́ àkọ́kọ́ dánra yín wò. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹ́ AS bá ṣàdédé kó wọnú eré líle tí kò mọ́ ọn lára, nínú ooru, láì mu omi tó, ewu tó wà fún un ju ti ẹlòmíràn lọ pé kí iṣan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ìdọ̀tí rẹ̀ dà sínú ẹ̀jẹ̀, kó wá ṣe kíndìnrín léṣe. AA náà lè ní in o, bó bá ti ṣe àṣejù. Àmì rẹ̀ ni pé iṣan á wú, á máa dun èèyàn kọjá bó ṣe yẹ, ara á rọ, ìtọ̀ á wá pọ́n dúdú bí omi zobo. Ẹ má jókòó sílé máa mu àgbo sí i. UCH, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ẹ jẹ́ kí ìsinmi àárín yín gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ mu omi, bí ẹsẹ̀ bá sì ṣàdédé rọ, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo lé yín lórí. SS, kò sí eré líle àfi pẹ̀lú àṣẹ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Akóbọ̀

Ọlọ́run á bù sí ọgbọ́n yín, Nọ́ọ̀sì. Màá lọ rí dókítà ní Mọ́ńdè.

Ẹnjiníà_Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀nà tèmi. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ni pé kò bá NEPA ṣe. Bí iná bá lọ lórí treadmill, ó parí nìyẹn. Èyí tó jẹ́ alábẹ̀bẹ̀, kò sí wáyà tí à ń kì bọ ògiri. Lára ti ilé iṣẹ́ Concept2 tó ní ojú tí wọ́n ń pè ní PM5, bátìrì ràgàjì méjì irú ti tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń pèsè iná fún ojú náà nígbà téèyàn bá ń fà á.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jẹ́ atukọ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà, Dick àti Pete Dreissigacker, ní Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. 1981 ni ti àkọ́kọ́ jáde, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Omi ibẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù, àwọn atukọ̀ ò sì fẹ́ jókòó lásán dé ìgbà tó máa yọ́.

Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni split, ìyẹn iye àkókò tẹ́ ẹ máa fi wa 500 mítà bẹ́ ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Agbára tó ń gbà kì í bá ìyára rìn ní dọ́gbadọ́gba o. 2:30, nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 104 ni. 2:15, ó di 142. 2:00, ó ti di 203. Ẹ ò rí i báyìí? Ìdajì ìṣẹ́jú péré la yọ kúrò, agbára sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyára rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ agbára ló máa wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ kì í fi í dé òpin.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá jíìmù yín pé kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nu irin tí àga ń yọ̀ lé lórí lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi epo pa ṣéènì lẹ́yìn wákàtí 50 tí wọ́n bá ti lò ó. Òógùn àti eruku ló ń pa á.

Àkànní_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Mo ká fídíò yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, ṣéènì ń fo orúnkún. Ẹ̀yìn ti dákẹ́ látìgbà tí mo ti gbé e sí 4. Kóòṣì, ẹ wá sọ ti eré líle gan-an fún mi. Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ wo?

Bísọ́lá_Challenge

Ẹ bá mi béèrè tèmi mọ́ ọn. Ṣé Tabata ò tó? Ogún ìṣẹ́jú àáyá kí a fà á kíkan, kí a sinmi mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, ó tán. Gbogbo ojú YouTube ló kún.

Kóòṣì_Òkè_Àdó

Bísọ́lá, ọmọ mi, ibi tí nǹkan yẹn ti wá ni kí o mọ̀ ná. Izumi Tabata àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé ìwádìí náà jáde ní 1996. Orí kẹ̀kẹ́ inú ilé ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ ìtukọ̀, àwọn tó sì ṣe é jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara wọn ti jí sí eré ìdárayá. Agbára tí wọ́n ń lò kọjá ibi tí èémí èèyàn lè gbà dé, ó tó ìdá 170 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá dé ẹ̀ẹ̀keje tàbí ẹ̀ẹ̀kẹjọ, wọn ò lè wa kẹ̀kẹ́ náà mọ́. Èyí tá à ń rí lórí YouTube, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, nǹkan mìíràn ni. Lórí ẹ̀rọ ìtukọ̀ pàápàá, ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti kéré jù. Kí èèyàn tó gbé ìdìmú padà tó sì tò ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti tán, á wá máa fi ẹ̀yìn nìkan fà á. Mi ò lè fi ìyẹn lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Àkànní, tìrẹ rèé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, má wá líle. Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, fífà 18 sí 22 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí o ṣì lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé o ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń mọ ètò ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí o ya sọ́tọ̀ fún líle, ọjọ́ kẹta kó jẹ́ jẹ́jẹ́. Kọ́kọ́ fà á jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara gbóná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìṣẹ́jú àáyá 30 kíkan, 90 jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Èyí jọ bí o ṣe ń sáré lé bọ́ọ̀lù. Kíkan kì í ṣe kí o máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí àga o, fífà rẹ ò gbọ́dọ̀ ju 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ ni kó le.

Ọjọ́ líle kejì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún ìlàjì kejì tó ń dà ọ́ láàmú: ìṣẹ́jú mẹ́rin líle, ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́jẹ́, kí o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn olùwádìí ní Norway lò ó fún àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbé e jáde ní 2001. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọkàn ń lù ní ìdá 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó lè lù dé. Ọ̀nà tí wọ́n ń sá nínú ìdíje fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, iye ìgbà tí wọ́n sáré àsápajúdé di ìlọ́po méjì. Eré sísá ni wọ́n fi ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ọkàn kan náà lo máa fi ṣe tìrẹ lórí àga. Bí o ṣe máa mọ̀ pé o wà níbẹ̀: nígbà tí ìṣẹ́jú kẹta bá ń lọ, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó lè jáde lẹ́nu rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba lójú ẹ̀rọ. Bó bá já wálẹ̀ gan-an, o ti lo agbára jù níbẹ̀rẹ̀.

Nínú ooru Fẹ́búárì àti Máàṣì, kí fáànù dojú kọ ọ́, kí omi wà nílẹ̀. Bí kò bá sí fáànù, dín in kù.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀

Mo ti kà á délẹ̀. Mi ò tíì yí ohùn padà lórí òkè mi, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin yẹn, màá fi sáré gòkè wò.

Ayọ̀_Sángo

Aago márùn-ún ni mo máa ń kúrò níbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ebi á sì ti máa pa mí. Ṣé mo lè jẹ àmàlà kí n tó lọ?

Nọ́ọ̀sì_Jẹ́ríkò

Ayọ̀, jọ̀ọ́, fi àmàlà àti gbẹ̀gìrì sí ìgbà tó o bá padà. Itan ń tẹ ikùn nígbàkígbà tó o bá dé iwájú, àmàlà á sì fẹ́ jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì, tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú, ó ti tó.

Alhaji_Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ọ̀kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ ò pọ̀, ó ní ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí epo wà nínú wọn. Ṣé kí n rà á sílé?

Ẹnjiníà_Àpáta

Alhaji, fún eré líle, ẹ má rà á ṣá. Epo inú ọ̀pá yẹn máa ń gbóná bẹ́ ẹ bá ti ń fà á pẹ́, ó sì máa ń fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ lágbára sí i tàbí epo ló ti rọ̀. Èyí tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì kì í pariwo, ó dára fún ilé tí ọmọ ń sùn sí, ṣùgbọ́n kì í dáhùn sí agbára bíi ti alábẹ̀bẹ̀. Bó bá jẹ́ alábẹ̀bẹ̀ tòkunbọ̀ lẹ rí, ẹ jókòó lé e kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ fa ṣéènì jáde dé òpin, ẹ jẹ́ kó padà jẹ́jẹ́, ẹ wò ó bóyá ó máa wọlé tán láì dúró lójú ọ̀nà. Ẹ wò ó fún ìpẹtà. Ẹ sì wọn yàrá yín, torí Concept2 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, bó tilẹ̀ ṣeé yà sí méjì láti gbé pamọ́.

Àkànní_Mọ́kọ́lá

Mo padà dé o. Ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin yẹn ti ń wọ̀ mí lára, mo ń wà á ní 2:20, ti ìgbẹ̀yìn sì ń bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Sátidé tó kọjá, èmi ni mo lé bọ́ọ̀lù bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, mo sì gbé e kọjá sáàárín. Inú mi dùn gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ jíìmù wa wá ń bi mí bóyá mo lè wa 2000 mítà. Kóòṣì, ṣé mo lè gbìyànjú rẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fojú sí?

Kóòṣì_Òkè_Àdó

Inú tèmi náà dùn, Àkànní. 2000 mítà ni wọ́n ń wa ní Olympics. Òun ni Chierika Ukogu wa fún Nàìjíríà ní Rio ní 2016, òun náà ni Esther Toko wa ní Tokyo. Lórí ẹ̀rọ, Josh Dunkley-Smith, ará Ọsirélíà, wà á ní 5:35.8 ní 2018. Tìrẹ, kí o fojú sí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ìyẹn 2:15 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

500 àkọ́kọ́ ló ń ba ti gbogbo èèyàn jẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí o bá kọ́kọ́ fà, agbára tó ti wà nínú iṣan tẹ́lẹ̀ lo máa lò, ara á fúyẹ́, wàá rí 1:55 lójú ẹ̀rọ, inú rẹ á dùn. Má tẹ̀ lé e. Jẹ́ kó padà sí 2:17, kí o sì wà níbẹ̀ títí 500 á fi tán. Láti ibẹ̀ dé 1500, 2:15 gérégé, fífà 26 sí 28 láàárín ìṣẹ́jú. 500 kẹta ló máa le jù, ibẹ̀ lọkàn èèyàn ti máa ń fẹ́ jáwọ́. Máa ka fífà mẹ́wàá-mẹ́wàá, má wo iye mítà tó kù. Bó bá ku 300, fi gbogbo èyí tó kù sí ẹsẹ̀. Bó bá tán, má sọ̀kalẹ̀ lójijì, máa fà á jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́rú ni kí o wà á, kì í ṣe Fúráìdé, kí ẹsẹ̀ lè ti sinmi kó tó di Sátidé.